Bí Mo Ṣe Kọ́ Ìrìn Bàbá Ọkọ Mi

Ọdún kẹta tí mo wọ ilé ọkọ ni mo kọ́kọ́ rí i bí wọ́n ṣe ń sín òkú jẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú burúkú wò wá. Ní agboolé tí wọ́n gbé mi fún ní Adja-Ouèrè, bí àgbàlagbà kan bá kú, tí wọ́n sì ti sin ín, ọ̀kan nínú àwa ìyàwó ilé ni yóò wọ aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, yóò sì rìn yí àdúgbò ká bí olóògbé náà ṣe máa ń rìn. Yóò wúkọ́ bó ṣe máa ń wúkọ́, yóò bínú bó ṣe máa ń bínú, àwọn èèyàn yóò sì tẹ̀ lé e, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Bí omi bá sì ti bọ́, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ẹ̀rín ló fà á. Kì í ṣe eégún o. Eégún, ti àwọn ọkùnrin ni, kí wọ́n máa fi yangàn lọ. Èyí, tiwa ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni wọ́n ṣe lọ́dún náà. Èèyàn pàtàkì ni ọkùnrin yẹn nígbà ayé rẹ̀. Òun ló kó àwọn èèyàn jọ tí wọ́n fi gbẹ́ kànga àdúgbò wa. Òun ló ń parí ìjà ilẹ̀. Kódà bí àwọn méjì bá ń jà ní Tatonnonkon, wọ́n á wá a wá. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó ṣe é lọ́jọ́ náà kò ṣe kànga, kò sì ṣe ìjà ilẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló ṣe, ọjọ́ tí ewúrẹ́ kan wọ oko ẹ̀gẹ́ bàbá náà, tó ń lé e, tí okùn ṣòkòtò rẹ̀ já láàárín ọ̀nà. Obìnrin yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, kí n má parọ́. Ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, ó ń fi ọwọ́ kejì sọ òkò, ó ń sáré bí adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Títí dòní, bí ẹ bá dé àdúgbò wa, tí ẹ béèrè ilé ọkùnrin náà, ọmọ kékeré tí kò bá a láyé á kọ́kọ́ fi ọwọ́ di ṣòkòtò mú kí ó tó júwe ọ̀nà fún yín. A ṣì ń pọn omi kànga rẹ̀ o, àmọ́ ṣòkòtò rẹ̀ là ń rántí.

Bàbá ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń sáré kọjá nínú ara obìnrin, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Bàbá ọkọ mi gbọ́ òwe náà, ó sì yé e dáadáa: kì í ṣe ikú ló yẹ kí òun máa bẹ̀rù, ìyàwó ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ẹlẹ́mu ni, ní oko Massè. Níbí, a kì í gun ọ̀pẹ kí a tó dá ẹmu bíi ti àwọn ará ibòmíràn. Wíwó là ń wó o lulẹ̀, a ó gbẹ́ ihò sí i lórí, a ó sì máa fi èéfín iná sí ojú ihò náà lójoojúmọ́ kí ẹmu lè máa sun. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yẹn fún ogójì ọdún, ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa ń wà. Nítorí náà bàbá ọkọ mi tẹ̀, ó ń fa ẹsẹ̀ òsì, ó ń rìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ó máa ń di ojú òsì bó bá ń tọ́ ẹmu wò, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé bó bá mu omi lásán, ojú òsì á dì. Bó bá sín, ẹ̀ẹ̀mẹta ni: méjì á tẹ̀ léra, ẹ̀kẹta á pẹ́ kí ó tó dé, gbogbo ilé á dákẹ́, a ó máa dúró dè é. Èdè Faransé rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, “bọ̀njúù, ṣẹ́ẹ̀fù,” ó sì ń fi kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ aṣọ kakí, ì báà ṣe ọlọ́pàá, ì báà ṣe ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ ra àkàrà. Èèyàn dáadáa ni. Ní àwọn ọjọ́ kan, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọmọ rẹ̀ tí mo fẹ́ lọ.

Èmi náà sì rèé, àrùn kan ń ṣe mí láti kékeré. Ní abúlé tí wọ́n bí mi sí lẹ́bàá Ikpinlè, n kò lè rí ẹni tó ń rìn kí n má rìn bíi tirẹ̀. Mo ti tẹ̀ lé ìyá ìyá mi lọ sódò, mo ń tiro bó ṣe ń tiro, títí ó fi bojú wẹ̀yìn, tó sì fi igi ṣe mí ní ohun tí n kò gbàgbé. Ìyá mi ní ohun tí a bá fi sín èèyàn jẹ a máa wọ ni lára. Kò wọ̀ mí lára nígbà náà. Ní báyìí tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún mi ti ń sọ fún mi pé ìyá mi mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀gbọ́n yẹn, bóyá kò pé oṣù mẹ́ta, a ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé, èmi àti àwọn ìyàwó ilé mẹ́ta. Èéfín ń ta wá lójú, ara kan gbogbo wa. Mo mú aṣọ ìnura kan, mo fi wé orí bí fìlà, mo tẹ̀, mo fa ẹsẹ̀ òsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ kiri ilẹ̀. Mo di ojú òsì. Mo sín lẹ́ẹ̀mejì, mo wá dúró. Wọ́n ń retí ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ti ń pa wọ́n. Nígbà tó pẹ́ tó, tí mo fẹ́ sín in báyìí, mo rí i pé kò sí ẹni tó ń wò mí mọ́. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. Bàbá ọkọ mi ló dúró síbẹ̀, ògùṣọ̀ tí kò tíì níná lọ́wọ́ rẹ̀. Iná ló wá mú.



“Ta nìyẹn?” ló bi wá.

Ìyálé wa, àgbà nínú àwa ìyàwó, tí Ọlọ́run yóò bá mi bi, ló fi igbá tó fi ń ro gàrí tọ́ka sí mi. Ó ní, “Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

Mo ti kúnlẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ tán. Mo fi bàbá mi bẹ̀ ẹ́, mo fi ìyá mi bẹ̀ ẹ́, mo fi àwọn baba ńlá tí n kò mọ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Mi ò ní kí o kúnlẹ̀,” ni Bàbá wí. “Dìde, tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó mi orí.

“Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì kọ́ ni mò ń fà. Ọ̀tún ni.”

“Òsì ni, Bàbá,” ni ìyálé wí.

“Ṣé ìwọ lo ni ẹsẹ̀ ni?”

Ó gbé ògùṣọ̀ sílẹ̀, ó ní kí a máa wò, òun yóò fi hàn wá. Ẹ wá wo nǹkan. Bó ṣe mọ̀ pé obìnrin mẹ́rin ń wo òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbàgbé iṣẹ́. Ó nà ró, ó ń ju apá, ó ń rìn bí sójà lọ́jọ́ àjọ̀dún òmìnira. Nígbà tó dé ìdí ìkòkò omi, ó yíjú padà, ó ní, “Ẹ rí i?” A ní a rí i. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó tún ti di ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ méjèèjì ló wá ń fà. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bàbá ọkọ mi kò lè rìn mọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá rí ọ̀kan nínú wa, á dúró gbagidi títí a ó fi kọjá. Ó tẹ òròmọdìẹ kan mọ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi wá bi í bóyá ẹmu tó ń dá fún aráyé, òun fúnra rẹ̀ ló ti ń mu ún tán.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè mí sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí n jókòó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ìyàwó, ìwọ ni yóò ṣe mí.”

“Bàbá, ẹ ò ní kú.”

“Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ìwọ náà rí ohun tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe. Wọn ò gbọdọ̀ fi mí ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyálé rẹ ni yóò ṣe mí, ọjọ́ tí oyin lé mi wọ odò, tí mi ò ní aṣọ kankan lára, òun ni yóò ṣe.”

N kò gbọ́ ti oyin rí. Mo bojú wolẹ̀, mo gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

“Ta ló rí yín lọ́jọ́ náà, Bàbá?”

“Ìyálé rẹ.”

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èmi àti bàbá ọkọ mi á lọ sẹ́yìn ilé, màá rìn, òun á máa wò. Ọkọ mi tó jẹ́ tíṣà ń pè é ní rẹpẹtisíọ̀n, bí ẹni pé orin ṣọ́ọ̀ṣì la ń kọ́. Ìyá kò bá wa dá sí i. Ó ní òpè méjì ló rí ara wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ ni pé Bàbá fẹ́ kí n ṣe òun ju bó ṣe rí lọ.

“Má tẹ̀ tó báyẹn,” ni yóò wí. “Gbé orí sókè díẹ̀. Kí o sì ṣe ibi tí mo ti ń bá ọ̀gá mẹ́rì tó ń ṣe ìjọba ìlú wa sọ Faransé.”

“Bàbá, ẹ ò bá a sọ Faransé. Ẹ kí i ni, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.”

“Wọn ò mọ̀.”

“Gbogbo ọjà ló wà níbẹ̀, Bàbá. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́.”

Ó ní aláìlójútì ọmọ ni mí, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì yan odì sí mi. Bó bá fẹ́ omi mu, á sọ fún ìyálé kí ó sọ fún mi, èmi á sì wà níbẹ̀ tí màá máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ó ń sín níta, mo wà nínú yàrá. Ó sín méjì, ilé dákẹ́. Kí ẹ̀kẹta rẹ̀ tó dé, mo bá a sín in láti inú yàrá. Mo gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni odì ṣe parí.

Mo lóyún lẹ́ẹ̀mẹta láàárín iṣẹ́ yìí. Oyún kẹta tóbi débi pé bí mo bá tẹ̀ síwájú, ẹnì kan ni yóò wá gbé mi dìde. Bàbá wò mí, inú rẹ̀ kò dùn.

“Mi ò ní irú ikùn yìí.”

“Ẹ má tíì kú, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bí i ná.”

Ó rò ó. “Ó di ìgbà wo?”

“Ó ku oṣù méjì.”

“Màá dúró,” ó ní, bí ẹni tó ń dúró de zẹ́mì, ọ̀kadà tí à ń wọ̀ kiri, lójú títì. Ó sì dúró lóòótọ́. Ọjọ́ tí mo bí ọmọ náà, òun ló ṣáájú gbogbo èèyàn wá kí mi. Kò wo ojú ọmọ. Ikùn mi ló wò, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó ti lọ.”

Àwọn èèyàn rò pé ọjọ́ kan náà ni ogbó máa ń dé. Irọ́ ni. Èmi ni mò ń gba ìròyìn rẹ̀, mo mọ̀. Lọ́dún kan, eyín iwájú Bàbá bọ́ sínú àgbàdo sísun, ó sáré pè mí. “Ìyàwó, wá, ó ti yí padà. Gbọ́ bí mo ṣe ń pe ‘ṣẹ́ẹ̀fù’ báyìí.” Afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo náà jáde. A jókòó, a ń pe ṣẹ́ẹ̀fù títí aládùúgbò wa fi yọjú, ó ń béèrè ọ̀gá wo ló dé. Lọ́dún míì, zẹ́mì gbé e ṣubú lọ́nà Ikpinlè. Kò ṣe é ní nǹkan púpọ̀, àmọ́ láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló wá ń fà lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Ó fà á lọ bá ìyálé ní ìdí ààrò, ó ní, “Ṣé mo sọ fún un yín?”

Lẹ́yìn ìyẹn ló gba ọ̀pá. Lẹ́yìn ọ̀pá, ó fi oko ẹmu sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Nǹkan funfun bo ojú òsì tó máa ń dì. Ó ní kí n kúkú máa di tèmi pa látìgbà náà lọ, kí n má ṣe là á mọ́. Ọkọ mi ra fóònù fún un, ó ń pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé Kútọnu. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà wọlé. Bó ṣe ń yí padà ni mò ń yí padà tẹ̀ lé e, mo sì bá a gbó ọdún rẹ̀ kí tèmi tó dé. Nígbà míì tí mo bá ń lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á máa fà, n kò sì pè é. Ọkọ mi wá ń bẹ̀ mí kí n jọ̀wọ́ nà ró, pé bàbá òun kọ́ ni òun gbé níyàwó.

Ó wá kan èmi náà. Inú rírun gbé mi ṣánlẹ̀, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè, wọ́n là mí níkùn. Ẹ̀rù bà mí. N kò ní fi èyí ṣe àwàdà, ẹ̀rù ikú bà mí gidi gan-an, mò ń ro àwọn ọmọ mi, mò ń sunkún sínú ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá wọlé, ó tẹ̀ lórí ọ̀pá, ó ti fi “bọ̀njúù, ṣẹ́ẹ̀fù” kí gbogbo nọ́ọ̀sì tó pàdé. Ó jókòó. Ó wò mí títí.

“Ìyàwó, bí o bá kú báyìí, ta ni yóò ṣe mí?”

Inú bí mi, kò kéré. Mo ní, “Bàbá! Èmi ni mò ń kú lọ, ti ara yín lẹ̀ ń rò!” Ìbínú yẹn ló gbé mi dìde jókòó, bẹ́ẹ̀ n kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti là mí. Nọ́ọ̀sì sáré dé. Bàbá fi ọ̀pá júwe mi fún un, ó ní, “Ó ti dìde.” Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹkún ló ń sun, ó rò pé n kò rí òun. N kò sọ fún un rí pé mo rí i, n kò sì fi í kún iṣẹ́ wa.

Ọdún tó kọjá, lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, Bàbá dùbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ó ti fúyẹ́ débi pé bí a bá gbé e síta gba oòrùn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ló ń dá a gbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí wọ́n pè mí. Mo kúnlẹ̀ ti ẹní rẹ̀. Mo rò pé yóò sọ fún mi pé ó ti yí padà.

“Èyí tí mò ń ṣe báyìí,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, “má ṣe é o.”

“Mi ò ní ṣe é, Bàbá.”

“Èyí tó ń rìn ni kí o ṣe.”

“Òun ni màá ṣe.”

Ó pa ojú dé. Mo rò pé ó ti sùn.

“Kí o sì gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀.”

Mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní àárọ̀, ó kú. Mo sunkún bí ẹni pé òun ló bí mi.

Ní ọjọ́ kẹta tí a ti sin ín, mo wọ dàńṣíkí rẹ̀, mo dé fìlà rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n bí òórùn èéfín àti ẹmu ṣe jáde látinú aṣọ náà, gbogbo ohun tí mo kọ́ parẹ́ lórí mi. N kò mọ ẹsẹ̀ òsì, n kò mọ ọ̀tún. Èrò ti kún ìta, wọ́n ń dúró. Mo jókòó sórí àpótí nínú yàrá. Ìyálé wọlé wá wò mí. Òun náà ti di arúgbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì gbàgbé nǹkan kan.

“Bí kò bá ṣeé ṣe fún ọ, bọ́ aṣọ fún mi,” ó ní jẹ́jẹ́. “Mo rántí ọjọ́ oyin yẹn dáadáa.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo mú ọ̀pá, mo tẹ̀, mo bọ́ síta, mo ń wá abẹ́rẹ́ kiri. Ariwo ta. Mo gbé orí sókè díẹ̀ bó ṣe bẹ̀ mí, ẹnì kan sì kígbe pé, “Ẹ wò ó, ó ti ń ṣakọ!” Mo rí ọmọ ilé-ìwé kan nínú kakí, mo dúró, mo bọ́ fìlà fún un, mo kí i ní ṣẹ́ẹ̀fù, afẹ́fẹ́ sì gba àlàfo eyín jáde bó ṣe yẹ. Mo jókòó sórí ìtì igi kan bíi pé ọ̀pẹ ni, mo tọ́ ẹmu wò, mo fún àwọn tó wà nítòsí nínú rẹ̀, nítorí pé Bàbá kì í tọ́ ẹmu wò kó má fún ẹni tó bá wà nítòsí. Mo sín méjì. Gbogbo àdúgbò dákẹ́. Mo jẹ́ kí ó pẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn mo gbọ́ tí ọkọ mi ń sunkún, tíṣà odindi, láàárín èrò. Mo wá sín ẹ̀kẹta, ẹ̀rín sì bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ oyin, kò sí ẹni tó dárúkọ odò. Ẹlẹ́mu tó ń fún èèyàn lẹ́mu ni wọ́n ń pè é títí tí a fi délé.

Yàrá opó ni a ti ń parí rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe olóògbé yóò wọlé lọ bá ìyàwó rẹ̀, yóò jẹun, yóò sì jáde. Bó bá ti jáde, olóògbé ti lọ nìyẹn.

Ìyá jókòó lórí ẹní. Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, omi nìkan ló ń gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Àwọn ọmọ ti bẹ̀ ẹ́ tì, ìdí sì nìyẹn tí ara wọn kò fi balẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n gbé àkàsà àti ọbẹ̀ ẹja sí àárín àwa méjèèjì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo na ẹsẹ̀, mo wo abọ́ náà, mo sì rántí pé Bàbá kò kọ́ mi ní oúnjẹ jíjẹ. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sọ ọ́ rí. Ta ló ń rí ara rẹ̀ bó bá ń jẹun?

Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbó tán ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú abọ́ kan, ohun tí wọn kò jẹ́ ṣe nígbà èwe. Mo bu àkàsà, mo fi run ọbẹ̀. N kò rán ọwọ́ mi níṣẹ́, ó lọ fúnra rẹ̀: ó já orí ẹja, ó sì tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ níbi tí Ìyá jókòó sí.

Ìyá wò ó pẹ́. Ó wá fi ìka kan tì í padà wá sọ́dọ̀ mi, jẹ́jẹ́.

“Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń gbé e fún mi,” ó ní. “Ẹ jẹ ẹ́ fúnra yín lónìí. Ọ̀nà yín jìn.”

Mo jẹ ẹ́. Omi ojú mi ń kán sínú dàńṣíkí Bàbá, mo sì ń jẹ orí ẹja náà títí ó fi ku egungun. Nígbà tí mo dìde tí mo gbá ọ̀pá mú, Ìyá ti fa abọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń bu àkàsà tó kù, ó ń jẹun.